Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ìlà etí ètè, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ó bá gé

Ẹni tí wọn ò kọ ilà fún pàápàá ní ìlà kan lójú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, níbi tí awọ ojú ti parí tí ètè gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àfi lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣubú lu sìmẹ́ńtì tí ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá pàjáwìrì ni mo sì ti pẹ́ jù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: bí ojú egbò bá ti kọjá lórí ìlà yẹn, kódà kó má gùn ju èékánná ọmọ tuntun lọ, kì í ṣe egbò tí a ń fi pílásítà lẹ̀ nílé. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn mọ abẹ́rẹ́ í dì mú.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ mi. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan tó wà nítòsí ilé wa, wọ́n rán an kíákíá, ẹ̀jẹ̀ dá, gbogbo wa sì dúpẹ́. Ìgbà tí wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀ la tó rí i pé apá òsì ìlà ètè òkè rẹ̀ ga ju apá ọ̀tún lọ, bí àkàsọ̀ kékeré kan. Ó ti di bàbá ọmọ báyìí, ó sì tún máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rán an kò gbèrò ibi sí i. Àwa tó gbé e lọ ni kò mọ ohun tó yẹ ká béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú dígí

Ẹ mú dígí lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ má fún un pọ̀. Ẹ wo abẹ́ imú yín: poro kan wà níbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ètè òkè, ebè kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i lóko iṣu. Níbi tí ebè méjèèjì ti kan ètè, ìlà náà ṣe ṣóńṣó méjì, ó sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàárín, bí ọrun ọdẹ tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀. Ẹ fi ojú tọ̀ ọ́ dé igun ẹnu lọ́tùn-ún, ẹ bá a yí wá sórí ètè ìsàlẹ̀, kí ẹ sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí orí díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé etí náà yọ sókè díẹ̀, ó sì mọ́ ju awọ tó yí i ká lọ, bí ìṣẹ́tí aṣọ tí télọ̀ ká dáadáa. Ìṣẹ́tí yẹn ni dókítà máa ń wá lójú bó bá fẹ́ rán ètè. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ètè òkè sábà máa ń dúdú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó fi mọ ibi tí ìlà wà. Bó ṣe yọ sókè, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ta lórí rẹ̀, ló ń fi í hàn.

Bí ẹ bá ti sọdá ìlà náà, ohun gbogbo yí padà. Awọ ojú nípọn, ó ń hu irun, ó sì ń làágùn. Ètè kò ní irun, kò ní ihò tí òógùn ń gbà jáde, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá dé, ètè ló ń kọ́kọ́ là. Òrí tàbí Vaseline tí a fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń gbà á. Lílá tí ọmọdé ń lá a ń mú un gbẹ sí i ni. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo ẹnu yín kó tó béèrè orúkọ: àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń hàn níbẹ̀. Nítorí dúdú awọ wa, inú ètè ìsàlẹ̀ la máa ń ṣí wò. Bó bá funfun, a fura pé ẹ̀jẹ̀ ò tó. Bó bá rí bí aró, afẹ́fẹ́ ni ò dé ara tó, a ò sì ní í jókòó mọ́.

Lábẹ́ awọ, iṣan kan yí ẹnu ká bí òrùka. Òun ni ọmọ ọwọ́ fi ń mu ọmú, òun la fi ń pa ẹnu dé kí omi má dà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pe "Òṣogbo" láìjẹ́ kí ètè yín kan ara wọn. "Gb" yẹn kò ní í jáde. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà gba inú ètè lọ́hùn-ún kọjá, ìhà inú ẹnu ló sì sún mọ́ jù, ìyẹn ni gígé bíńtín ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa adìẹ.

Kí ẹ tó gbé dígí sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ọmọ yín kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán, kí ẹnu wà ní pípadé, kí fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ fi pa mọ́. Bí ètè bá fà ya lọ́jọ́ kan tó sì wú, fọ́tò yẹn ni dókítà máa fi mọ bí ìlà ọmọ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Bí ètè bá gé: ìdámẹ́rin wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ gbé ẹni náà jókòó, kó tẹ orí síwájú. Ẹ má jẹ́ kó gbé orí sẹ́yìn, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá gbé mì ló máa bì padà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ fún ètè náà mú: àtàǹpàkò lóde, ìka ìfábẹ̀lá nínú ẹnu, egbò láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ láti òde, ẹ ò tíì tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn, nítorí inú ló wà. Ẹ wo aago. Iṣẹ́jú 10 sí 15, láìṣí i wò. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, nítorí gbogbo ìyá ló fẹ́ ṣí i wò ní iṣẹ́jú kejì, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Bó bá dá, ẹ wo eyín. Bí eyín bá ti fọ́, ẹ wá èyí tó jábọ́ nílẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè ti wọ inú ètè lọ, a sì ti yọ irú rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ eyín àgbà ló yọ lódindi, ẹ fi ọwọ́ mú orí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ fi sínú mílíìkì, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kí wákàtí kan tó pé. Bó bá jẹ́ ẹyọ ètè ló gé já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rin wé e, ẹ dì í sínú nílọ́ọ̀nù, kí ẹ wá gbé nílọ́ọ̀nù náà lé orí yìnyín. Kí yìnyín má fara kan ẹran náà.

Omi mímọ́ nìkan ni kí ẹ fi ṣan egbò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi sípírítì, ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí ewé gígún sí i. Mo ń rántí ọmọbìnrin kan tí ọ̀kadà gbá ní ìhà Ọlá-Ìyá. Ìyá àgbà rẹ̀ ti fi ewé gígún dí ojú egbò náà kí wọ́n tó gbé e dé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ṣùgbọ́n a fi omi fọ ewé náà fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń ké, kí ìlà ètè tó hàn sí wa. Egbò kan náà ì bá ti gba ìdajì àkókò yẹn.

Yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé, ẹ gbé e lé òde ètè kó má baà wú jù, kí ẹ máa lọ.

Àwọn wo ló gbọ́dọ̀ lọ? Gbogbo egbò tó bá kọjá lórí ìlà, èyí tó bá là láti òde dé inú ẹnu, èyí tí ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, èyí tí ajá tàbí ènìyàn bù jẹ, àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti fún un. Bí ẹni náà bá ń tòògbé, tó ń bì, tàbí tí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá ara wọn ṣe rẹ́gí mọ́, ẹ má dúró wá aṣọ wọ̀. Bó bá sì jẹ́ òru ni, ẹ má sọ ìrètí nù: egbò ojú ṣì ṣeé rán ní ọjọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ṣe yá sí ló dára sí.

Lọ́wọ́ ẹni tó máa rán an

Ilé Ìwòsàn Ìjọba tó wà ní Asubiaro wà ní Òṣogbo, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà wà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ó kọjá lórí ìlà ètè. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa rán an fúnra yín, àbí ẹ ó pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú?" Kò sí dókítà gidi tí ọ̀rọ̀ yìí máa bí nínú. Ẹ tún sọ oògùn tí kì í bá ẹni náà lára mu, bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Bí ajá ló bù ú jẹ, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ tó dára ṣe ń lọ, kí ẹ lè dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin tí ọ̀kadà gbá yẹn wá, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ètè ọmọ náà láti ẹ̀gbẹ́ títí ìṣẹ́tí yẹn fi tàn. Lẹ́yìn náà ló fi bírò tí wọ́n fi ń sàmì sára tọ́ kókó kan sí apá ọ̀tún egbò, ó tọ́ òmíràn sí apá òsì, lórí ìlà gẹ́lẹ́. Kò tíì gún abẹ́rẹ́ kankan nígbà yẹn. Mo ní, "Dókítà, ọmọ yìí ń jẹ̀rora o." Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bí mo bá gún un kí n tó sàmì, ètè á wú, á sì funfun, mi ò sì ní í rí ìlà mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora ń mú ètè wú, òmíràn sì ń mú un funfun. Nítorí náà, wọ́n lè gún un jìnnà sí egbò, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti jáde látinú egungun: fún ètè òkè, lẹ́bàá imú nísàlẹ̀ ojú, fún ètè ìsàlẹ̀, lára àgbọ̀n.

Lẹ́yìn fífọ̀, inú ẹnu àti iṣan tó dà bí òrùka ni wọ́n máa ń fi òwú tó ń yòrò fúnra rẹ̀ so pọ̀. Bí ẹni tó ń rán an bá fo iṣan náà, ètè lè jinná lóde kí omi ṣì máa dà lẹ́nu. Ìgbà tí ó bá wá kan awọ òde, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú kókó méjèèjì yẹn kan ara wọn. Télọ̀ tó ń rán àdìrẹ mọ̀ ọ́n: ó máa ń fi pín-ìnì mú ibi tí bátànì ti pàdé, kó tó wá rán ìyókù. Mìlímítà 1 péré tí ìlà bá fi yà, ẹni tó bá dojú kọ yín sọ̀rọ̀ á rí i. Ti ọmọbìnrin yẹn ṣe rẹ́gí. Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n tú òwú rẹ̀, mo ní kó rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Nílé lẹ́yìn rírán

Ẹnu á ṣì kú fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ ọmọdé lójú méjèèjì lásìkò yìí, torí ó lè máa jẹ ètè ara rẹ̀ láìmọ̀. Wíwú á pọ̀ sí i ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí rẹ̀ sókè tó bá sùn. Ẹ̀kọ tútù, ògì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ ata, kò sì gbọdọ̀ fi sitírọ́ọ̀ mu nǹkan, torí fífà rẹ̀ ń fa òwú. Bó bá gé nínú ẹnu, kó fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Lóde, ẹ rọra fi omi nu ún, kí ẹ pa òróró tí wọ́n bá fún yín sí i fẹ́lẹ́.

Òwú ojú òde sábà máa ń kúrò ní nǹkan bí ọjọ́ 5. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ pẹ́, ipa òwú náà ló máa di àpá. Bó bá ń gbóná, tó ń sọyún, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá dé, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà. Àpá ń yí padà fún bí ọdún kan, nítorí náà bí ìlà bá yà, dókítà lè ní kí ẹ dúró di oṣù 6 sí 12 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó ṣeé tún ṣe. Àbúrò mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ọmọdé tó fi wáyà iná sẹ́nu. Igun ẹnu ló máa ń jó. Ó lè dà bí ohun kékeré lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí èépá bá fẹ́ ṣí, láàárín ọjọ́ 5 sí 14, iṣan ẹ̀jẹ̀ ètè lè bẹ́ lójijì. Ilé ìwòsàn ni, kí gbogbo ará ilé sì mọ bí a ṣe ń fún ètè mú.

Bí ìlà náà bá ń sọ̀rọ̀ láìsí egbò

Iléròrò olómi wẹ́wẹ́ tó ń jáde lórí ìlà, tí a ń sọ pé "ibà ló jáde sí i lẹ́nu," kì í ṣe ibà gan-an. Fáírọ́ọ̀sì kan tí ó ju ìdajì ènìyàn ayé lọ ní lára ló ń sùn sínú iṣan ìmọ̀lára. Ibà, oòrùn tàbí àárẹ̀ ló ń jí i. Ó máa ń yún tàbí ta ẹni kó tó yọ, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Oògùn acyclovir wúlò bí ẹ bá tètè lò ó nígbà tó ń yún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apògùn. Ẹ má fi ẹnu yẹn ko ọmọ tuntun lẹ́nu rárá, ó lè pa á. Ẹ má sì fọwọ́ kàn án kí ẹ fi nu ojú.

Igun ẹnu tó ń là tí kò jinná lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B, eyín àtọwọ́dá tí kò bá ẹnu mu, tàbí kòkòrò olú (fungus). Bó bá ń padà wá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wò.

Àmì dúdú róbótó tó ń yọ sójú kan náà lórí ètè nígbàkígbà tí ẹ bá lo Septrin tàbí oògùn kan pàtó, oògùn náà ni kò bá yín lára mu. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú káàdì yín. Bí ètè bá ń bó, tí ojú ń pọ́n, tí awọ ara sì ń lé róró, ẹ má lo oògùn náà mọ́, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí. Bákan náà ni fún ẹni tó ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí ètè rẹ̀ wá ṣàdédé wú bàǹbà. Ọ̀fun lè tẹ̀ lé e. Àwa dúdú ló sì máa ń ṣe jù.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láti nǹkan bí oṣù 3, bó bá ti wúwo tó kílò 4 àbọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó, wọ́n lè rán an, ìlà yìí kan náà ni wọ́n máa ń to pọ̀ kó ṣe rẹ́gí. Àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ Smile Train ń gbé owó iṣẹ́ abẹ náà ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà, ẹ béèrè. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ gbé ọmọ náà nàró bí ẹ bá ń fún un lóúnjẹ.

Èyí tó kù ni ìlà tó ń parẹ́. Ètè ìsàlẹ̀ ló ń gba oòrùn jù, àwọn àfín wa ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Bí etí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í di bàìbàì, tí ẹ ò mọ ibi tí awọ ti parí mọ́, tó gbẹ, tó ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí dókítà wò ó. Jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Fìlà etí-gbòòrò àti ìpara tó ń dí oòrùn lọ́nà, èyí tí a fi pa ètè pẹ̀lú, ni kí àfín máa lò lójoojúmọ́. Egbò yòówù tó bá jókòó sórí ìlà náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sára kàlẹ́ńdà. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá pé tí kò tíì jinná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kódà bí kò bá dùn yín rárá.